Ọṣẹ Dúdú Láti Inú Èèpo Kòkó: Bí A Ṣe Ń Dán Ohun Àfikún Wò Kí Odidi Ìkòkò Má Baà Bàjẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún yín lórí ètò àgbẹ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ọṣẹ.

Ẹnikẹ́ni tó bá dé oko kòkó nígbà tí wọ́n ń fọ́ kòkó yóò rí òkìtì èèpo tí a ń fi sílẹ̀ lábẹ́ igi. Òkìtì náà á máa jẹrà, àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú á fara pamọ́ síbẹ̀, nígbà tí òjò bá sì dé, ibẹ̀ ni yóò ti gbéra lọ bá èso tuntun. Bẹ́ẹ̀ sì ni èèpo yìí kan náà ni àwọn ìyá wa ti ń sun di eérú láti fi se ọṣẹ dúdú, ó ti pẹ́. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn, ti ṣiṣẹ́ lórí fífi eérú èèpo kòkó ṣe ọṣẹ pẹ̀lú.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ àwọn tó ń se ọṣẹ láàmú báyìí ni ọ̀rọ̀ ohun àfikún. Àwọn oníbàárà ìlú ńlá ń béèrè ọṣẹ olóyin, ọṣẹ olósùn, ọṣẹ mọ̀ríńgà, ọṣẹ etí erin. Ẹni tó ń se ọṣẹ á wá kó gbogbo rẹ̀ dà sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá bàjẹ́, kẹ́ẹ̀gì àdín lítà 25 ti bá a lọ, owó ẹgbẹ́ ti bá a lọ, kò sì ní mọ èwo nínú wọn ló bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ọṣẹ jẹ́. Ohun kan wà nínú eérú tí à ń pè ní pótáṣì. Omi ló ń fà á jáde. Bí omi eérú bá pàdé òróró lórí iná, àwọn méjèèjì á jẹ ara wọn títí tí wọn kò fi ní jẹ́ omi eérú tàbí òróró mọ́. Ọṣẹ ni wọ́n dà. Bí omi eérú bá pọ̀ ju òróró lọ, ọṣẹ náà á máa ta ni lára. Bí òróró bá pọ̀ jù, kò ní hó dáadáa, bó bá sì pẹ́ nílẹ̀, á máa rùn bí epo tó ti bàjẹ́. Ìwọ̀n láàárín àwọn méjèèjì yìí ni gbogbo iṣẹ́ ọṣẹ dúró lé.

Èèpo tó gbẹ dáadáa ni kí ẹ sun. Bí ẹ bá sun èèpo gbígbẹ kílò 100, eérú tí ẹ ó rí kó yóò wà ní àyíká kílò 10, nítorí náà kí ó má ṣe ya yín lẹ́nu pé ó kéré. Ẹ lè fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kún un, àti ìdì ẹyìn gbígbẹ tí wọ́n ti yọ ẹyìn kúrò lára rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rá, rọ́bà tàbí pákó tí wọ́n kùn ní ọ̀dà dáná sí i. Ohun tó ń ba eérú jẹ́ jù ni òjò. Eérú tí òjò bá pa mọ́jú, pótáṣì rẹ̀ ti bá omi wọlẹ̀ lọ. Igi ìdáná lásán ni ẹ ó fi ṣòfò lórí rẹ̀. Ní kété tí eérú bá ti tutù ni kí ẹ jọ̀ ọ́, kí ẹ kó o sínú àpò tàbí agbada tó ní ìdérí.

Kí n tó gbàgbé: pótáṣì tí ẹ ń kó lọ yìí, oúnjẹ igi kòkó ni. Bí ẹ bá ń sun gbogbo èèpo oko yín lọ́dọọdún, ilẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára. Ní tèmi, ó sàn kí ẹ sun ìdajì, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdajì tó kù jẹrà tán nínú kòtò tí ẹ bò mọ́lẹ̀, kí ẹ tó dá a padà sí ìdí igi. Eérú tí omi ti kọjá lára rẹ̀ náà, ẹ má dà á nù. Ohun tó dà bí ẹfun tó wà nínú rẹ̀ kò bá omi lọ, ó sì ń ṣe ilẹ̀ lóore.

Ẹ kó eérú sínú ajere tàbí garawa tí ẹ ti lu ìdí rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, kí ẹ sì ti fi koríko gbígbẹ tàbí aṣọ tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ máa bu omi lé e díẹ̀díẹ̀. Omi tó kọ́kọ́ sẹ́ ló máa ń le jù, àwọ̀ rẹ̀ á sì pọ́n bí tíì. Láti mọ̀ bóyá ó le tó, ẹ fi ẹyin adìẹ tí kò tíì pẹ́ sínú rẹ̀. Bí ẹyin bá rì, ẹ gbé omi náà kaná kí ó gbẹ díẹ̀ sí i. Bí ó bá léfòó tí orí rẹ̀ yọ, ó tó. Ẹ má fi ahọ́n tọ́ ọ wò o.

Àdín ló ń mú kí ọṣẹ hó, epo pupa ló ń jẹ́ kí ó ki. Ẹ gbé òróró yín kaná nínú ìkòkò irin, ẹ máa da omi eérú sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa rò ó. Iṣẹ́ yìí kò yá. Omi eérú kò lágbára tó kọ́sítíìkì sódà, nítorí náà ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, àwọn mìíràn a máa lo odidi ọjọ́ kan nídìí rẹ̀. Ọṣẹ náà á kọ́kọ́ dì bí ọ̀gì, á máa wú sókè, bó bá sì jinná, á máa dán, á máa fà. Ẹ bu ìwọ̀n ẹ̀wà kan nínú rẹ̀ sínú ife omi gbígbóná. Bí ọ̀rá bá léfòó sójú omi, òróró ṣì wà níbẹ̀ tí kò tíì di ọṣẹ. Ẹgbẹ́ tó bá lágbára díẹ̀ lè ra bébà ìdánwò, irú èyí tí wọ́n ń lò ní yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́. Ọṣẹ tó jinná máa ń wà láàárín 9 sí 10 tàbí kí ó lé díẹ̀. Bí ó bá kọjá 11, ẹ fi òróró díẹ̀ kún un, kí ẹ sì tún sè é. Pé ọṣẹ náà rọ̀ kì í ṣe àbùkù. Bí ọṣẹ pótáṣì ṣe máa ń rí nìyẹn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ọṣẹ tó le tí a lè gé, kọ́sítíìkì sódà ni ẹ ó lò, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì gba ìṣirò orí ahọ́n. Epo pupa gíráàmù 700, àdín gíráàmù 300, kọ́sítíìkì gíráàmù 145, omi gíráàmù 350. Ìwọ̀n yìí ń ṣẹ́ òróró díẹ̀ kù tí kò ní di ọṣẹ, kí ara ẹni tó bá fi wẹ̀ má baà gbẹ. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ lò, ẹ má fi agolo wọ̀n wọ́n. Lórí iná tó rọra ń jó, ó lè jinná láàárín wákàtí kan sí mẹ́ta, á sì rí bíi fasẹlín.

Ẹ tẹ́tí sí èyí dáadáa. Inú omi ni a ń da kọ́sítíìkì sí. A kì í da omi lé kọ́sítíìkì lórí, nítorí ó lè ta sí yín lójú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi awò bo ojú. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù, kọ́sítíìkì á jẹ ẹ́. Bí ó bá ta sí yín lára, omi púpọ̀ ni kí ẹ máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣe bu omi kọ́sítíìkì pa mọ́ sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò tàbí ike omi. Ọmọdé tó bá gbé e mu, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè jó débi pé kò ní lè gbé oúnjẹ mì mọ́, irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n ní àwọn ilé ìwòsàn wa. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì fi ipá mú un bì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Ó wá ku ohun àfikún. Ìgbà tí ọṣẹ bá ti jinná tán ni kí ó tó wọlé. Ṣáájú ìgbà yẹn, ebi ṣì ń pa omi eérú. Ohunkóhun tí ẹ bá jù sí i ni yóò jẹ, ìbáà ṣe oyin olówó gọbọi. Nígbà tí ọṣẹ bá jinná, ẹ bu kílò kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ mẹ́rin. Abọ́ kìíní, ẹ má fi nǹkan kan sí i. Òun ni ẹlẹ́rìí yín. Ohun kan ṣoṣo ni kí ó wọ inú abọ́ kejì, ohun kan ṣoṣo ni kí ó wọ ìkẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni ìkẹrin. Ẹ kọ iye tí ẹ fi sí i àti ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé. Ọṣẹ tó kù nínú ìkòkò, ẹ tà á bó ṣe wà, kò sí àdánù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ gbé àwọn abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ wo àwọ̀ wọn, ẹ gbóòórùn wọn, ẹ fi wọ́n fọ ọwọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó fi wẹ̀, kí ó fi díẹ̀ pa kọ̀rọ̀ ìgúnpá rẹ̀, kí ó ṣàn án nù, kí ó sì dúró di ọjọ́ kejì kí ó wò ó bóyá ara á yún un.

Oyin ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ó ń mú kí ìhó pọ̀, ṣíbí ìjẹun kan sí méjì sì tó fún ọṣẹ kílò kan. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ pò ó kí ẹ tó dà á sí i. Ẹni tó bá da oyin sínú ìkòkò tí kọ́sítíìkì ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ yóò rí i bí yóò ṣe gbóná lójijì tí yóò sì ru jáde lé iná.

Osùn lílọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ jọ̀ ọ́, nítorí èyí tí kò kúnná á máa ha ni lára. Ṣíbí ìjẹun kan tó fún kílò kan, ẹ fi òróró díẹ̀ pò ó. Ẹ má retí pupa tí ẹ mọ̀ lára ìyàwó tuntun: nínú ọṣẹ, ó máa ń ṣókùnkùn, á sì fẹ́ jọ àwọ̀ àlùkò. Ẹ sọ fún oníbàárà kí ó má baà rò pé ẹ rẹ́ òun jẹ.

Òrí dára púpọ̀. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí kì í di ọṣẹ bó ti wù kí a sè é tó, apá náà ló sì ń jẹ́ kí ara tutù lẹ́yìn ìwẹ̀. Gíráàmù 30 sí 50 fún kílò kan, kí ẹ fi sí i nígbà tí ẹ bá ti sọ ìkòkò kalẹ̀.

Ewé tútù ló ń kó wàhálà báni. Dóńgóyárò, mọ̀ríńgà, efinrin, bí ẹ bá gún wọn ní tútù sínú ọṣẹ rírọ̀, èébú á hù sí i láìpẹ́. Ibi òjìji ni kí ẹ sá wọn sí, kí wọ́n gbẹ, kí ẹ lọ̀ wọ́n kúnná. Àwọ̀ ewé wọn kò ní pẹ́ tí yóò fi di ti ilẹ̀. Òórùn efinrin, ooru ló ń gbé e lọ; ṣe ni ẹ ó kàn máa rántí rẹ̀. Etí erin ńkọ́? Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gé e, ẹ gbé e dúró kí oje aláwọ̀ ìyeyè tó korò inú èèpo rẹ̀ ro dànù, nítorí ó lè mú kí ara yún ni, kí ẹ wá fi èyí tó wà láàárín dípò díẹ̀ nínú omi tí ẹ ó fi se ọṣẹ. Èyí nìkan ni kì í dúró di ìgbà tí ọṣẹ bá jinná.

Ìbẹ́pẹ kò tó ariwo tí wọ́n ń pa lórí rẹ̀. Ohun inú rẹ̀ tó ń mú ẹran rọ̀ kò lè yè nínú ooru àti omi eérú. Ọsàn wẹ́wẹ́ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìkan rẹ̀ ń pa agbára omi eérú, òróró á sì yọ sílẹ̀ nínú ọṣẹ. Ẹni tó bá sì fi omi rẹ̀ para lọ sínú oòrùn, ara rẹ̀ lè bó.

Abọ́ tí kò bá dára, ẹ má dà á nù. Bí òróró bá yọ lára rẹ̀, ẹ dá a padà sórí iná pẹ̀lú omi eérú díẹ̀, á tún di ọṣẹ ìfọṣọ, ó kéré tán.

Àwọn oníṣòwò kan á wá bá yín pé kí ẹ fi ohun ìbóra sí i, wọ́n á sì mú owó dání. Ẹ kọ̀ ọ́. Màkúrì tó wà nínú òmíràn nínú wọn ń ba kíndìnrín jẹ́, NAFDAC sì ti fòfin de fífi í sínú ọṣẹ. Ọṣẹ tí ẹ bá fẹ́ máa tà kiri ìlú gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC, ó sì rọrùn fún ẹgbẹ́ láti pawọ́ pọ̀ gbà á ju kí ẹnì kan ṣoṣo gbà á lọ. Lára ike rẹ̀, ẹ kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ sè é. Ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń wo làpálàpá tàbí àrùn kankan.