Kí Àwọn Ọmọ Yín Tó Wọ Agbo Ilé

Oṣù kẹjọ ni mo máa ń sọ fún àwọn ará wa lókè òkun pé kí wọ́n mú ọmọ wá sílé, kì í ṣe oṣù kejìlá. Mo mọ̀ pé oṣù kejìlá ni gbogbo ayé ń rọ́ wọ Èkó. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì tàbí díẹ̀ lé ni ọlidé Kérésìmesì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á sì ti jẹ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ti ọlidé gígùn, ilé ìwé Ìlú Ọba máa ń tì ní ìparí oṣù keje, ó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó wọlé, àwọn ọmọ tiwa náà kò sì lọ síbì kankan ní gbogbo àsìkò yẹn. Ohun tó ṣe kókó nìyẹn lójú tèmi: ọmọ yóò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé, wọn yóò jọ ṣeré títí wọn yóò fi jà, wọn yóò sì parí ìjà. Iṣu tuntun ti dé. Àgbàdo sísun wà ní etí títì gbogbo. Òjò pàápàá máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó ilé ni mí ní agbo ilé kan ní Ìbàdàn. Àwa ìyàwó la ń se oúnjẹ, àwa là ń tẹ́ ibùsùn, ojú wa ló sì ń rí ọmọ tó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí ogún ènìyàn jọ ń pè é ní orúkọ tí kò gbọ́ rí. Ọmọ náà kò yájú. Wọ́n ti sọ fún un pé kó kúnlẹ̀, wọn kò sọ ìdí tí yóò fi kúnlẹ̀. Wọ́n ní kó má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, wọ́n ní kó má pe ẹnì kan lórúkọ, gbogbo rẹ̀ wá dà bí òfin tí kò ní orí, tí kò ní ìdí. Bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ló wà nídìí rẹ̀: agbo ilé fẹ́ mọ ibi tí oníkálukú dúró sí, ẹni tó ṣáájú rẹ̀ àti ẹni tó tẹ̀ lé e. Bí èyí bá yé ọmọ kí ó tó wọ bàálù, ìyókù kò ní ṣòro.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ ó kọ́kọ́ kí. Olórí ẹbí ni, lọ́dọ̀ tiwa, mọ́gàjí. Láti ipò mọ́gàjí ni ènìyàn ti ń bọ́ sí ìlà oyè Olúbàdàn, tí yóò sì máa gòkè ní ìpele ìpele. Àyàfi bí ẹni iwájú bá ṣípò ni ẹni ẹ̀yìn á tó sún. Ìlú tó ń fi irú ètò báyìí jọba kò lè fojú kékeré wo ilé tí ẹ kọ́kọ́ yà. Bí ẹ bá ti pápákọ̀ Ìkẹjà wá, tí ẹ lọ já ẹrù sílé àbúrò bàbá yín ní Bódìjà nítorí pé iná ibẹ̀ kì í lọ, ìròyìn á ti dé ọ̀dọ̀ mọ́gàjí kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kì í ṣe ìgbéraga ló ń dùn ún. Òun ni ilé ń bi léèrè bí ohunkóhun bá ṣe yín nínú ìlú yìí, òun ni yóò sáré, òun ni yóò ránṣẹ́ sí àwọn tó kù. Kò lè dáhùn fún ẹni tí kò mọ̀ pé ó ti dé.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mọ́gàjí, wọn yóò kọ́kọ́ fún yín lómi, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi yín ní ìbéèrè gidi títí ẹ ó fi mu ún, nítorí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù omi yìí nítorí inú ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ méjèèjì gba ife, kí ó dúpẹ́, kí ó gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ó wá mu ti inú ọ̀rá tàbí ike tí ẹ rà. Kò sí àgbàlagbà tí yóò bínú sí i. Èyí tí ń bí wọn nínú ni kí ọmọ mi orí, kí ó sì wo ife bí ẹni pé májèlé ló wà nínú rẹ̀.

Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tí àwọn ọmọ kì í mọ̀ ni pé ìkíni kò parí síbẹ̀. Àgbà á gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ọmọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúre, ó lè pẹ́, ọmọ kò gbọdọ̀ dìde títí yóò fi ní "Dìde, ọmọ mi." Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa ṣe àmín. Ẹ tún sọ fún un nípa ojú. Lọ́hùn-ún, olùkọ́ á ní kí ó wo òun lójú nígbà tí òun bá ń bá a sọ̀rọ̀, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ wọn á ní ó ń fi nǹkan pa mọ́. Níbí, ọmọ tó tẹjú mọ́ àgbà nígbà tí wọ́n ń bá a wí ń bá a fà á ni. Ọmọ lè mọ méjèèjì, kí ó sì lo oníkálukú níbi tó yẹ. Wọ́n gbọ́n ju bí a ṣe rò lọ.

Èyí tó máa ń dààmú wọn jù ni pé kí obìnrin tó ti bímọ mélòó kan pe ọmọ ọdún méje ní ọkọ òun. Mo rí i lọ́dọ̀ wa. Ìyàwó tó kéré jù nínú ilé sáré jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọbìnrin kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé, ó ní, "Ìbàdí-àrán, ọkọ mi, ẹ káàbọ̀." Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kò ṣàlàyé.

Àlàyé rẹ̀ rèé. Nínú agbo ilé, ọjọ́ tí ènìyàn wọlé la fi ń ka àgbà. Ọmọ gba ọ̀nà ìbí wọlé, ìyàwó gba ọ̀nà ìgbéyàwó. Gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nínú ilé lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ì báà jẹ́ ìkókó, ó ṣáájú rẹ̀ níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ni, ọkùnrin tàbí obìnrin. Nítorí náà kò lè là á lórúkọ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò fún un lórúkọ tí yóò máa pè é: Ìdílẹ̀kẹ̀, Eyínfúnjowó, Adúmáadán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Bàbá Kékeré. Ọmọ London yẹn ti ń rìn kí a tó gbé ìyàwó yìí wọlé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọkọ rẹ̀. Èmi tí mo ti wọlé tipẹ́ ń pe ọmọ náà lórúkọ. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ńkọ́? Mo bá a nílé. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni nígbà náà, báírò kì í kúrò ní àpò rẹ̀, bí kò tiẹ̀ sí yíǹkì nínú rẹ̀, ni mo bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Ó ti di ẹnjiníà, ewú ti bo orí rẹ̀, Akọ̀wé ni mo ṣì ń pè é lórí fóònù títí di òní, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sọ ìtàn báírò yẹn fún ọmọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì lọ wo àpò ṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀.

Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ọ̀kan lára òpó ìwé rẹ̀, The Invention of Women, tó jáde ní 1997: pé bí ẹnì kan ṣe ṣáájú ẹnì kejì ni Yorùbá fi ń to ènìyàn, ju jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin lọ. Èmi tí mo ń gbé inú ètò yìí mọ èrè tó wà níbẹ̀. Ìyàwó tó wọ ilé tí kò mọ ẹnikẹ́ni á wo ọmọ kọ̀ọ̀kan dáadáa kí ó tó lè sọ ọ́ lórúkọ, ọmọ náà á sì mọ̀ pé ẹnì kan wo òun. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́, ètò yìí ti jẹ àwọn kan níyà. Mo mọ àwọn ìyàwó tó dàgbà, tí ọmọkọ́mọ ń rán níṣẹ́ bí ẹrú. Ìyẹn kò dára, kò sì yẹ kí a kọ́ ọmọ yín ní irú rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé bí wọ́n tilẹ̀ ń pe òun ní ọkọ, òun kò gbọdọ̀ la ìyàwó kankan lórúkọ. Àǹtí ni, tàbí Mọ́mì, tàbí kí ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é: Ìyá Táyé, Ìyá Ṣadé.

Ẹ tún ṣàlàyé sàréè fún wọn ṣáájú. Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé, bàbá àgbà sùn sí ẹ̀gbẹ́ ilé tàbí sínú ọgbà, wọ́n fi táìlì bo ojú rẹ̀, àwọn ọmọdé a sì máa jókòó lé e jẹ àgbàdo. Ọmọ tó mọ̀ pé itẹ́ òkú jìnnà sí ilé yóò bẹ̀rù, pàápàá lóru. Ẹni tó kú kò kúrò nínú ẹbí lójú wa, ilé rẹ̀ ṣì ni. Ọ̀ràn ilẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: sàréè ni ẹlẹ́rìí pé ibi yìí jẹ́ ti àwọn ọmọ ẹni báyìí, ó sì ṣòro kí ẹnikẹ́ni ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ sùn sí. Ẹ jẹ́ kí àgbà kan mú ọmọ lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án, kí ó dárúkọ ẹni tó wà níbẹ̀, kí ó sọ ohun tó ṣe láyé.

Ní alẹ́ kan ṣáá, ìyá àgbà á ki ọmọ yín. Á bẹ̀rẹ̀ láti orí oríkì àbísọ, Àjàní tàbí Àkànní bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Àbẹ̀bí tàbí Àníkẹ́ bí ó bá jẹ́ obìnrin, lẹ́yìn náà á wọ inú oríkì orílẹ̀ lọ, níbi tí ó ti máa dárúkọ ìlú tí ẹ ti ṣẹ̀ wá, iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ yín mọ́ àti ohun tí ẹ kì í jẹ. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Oníkòyí, ogun ni yóò kún inú rẹ̀. Kí ọmọ dúró jẹ́ẹ́, kí ó má ṣe sọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin òbí sì tan fóònù kí ẹ gba ohùn náà sílẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe sún un di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn tó lè ki ènìyàn délẹ̀ ń dín kù nínú agbo ilé kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá fẹ́ wo ọdún ìlú, Ọ̀ṣun Òṣogbo bọ́ sí oṣù kẹjọ gan-an, UNESCO sì ti ka igbó Ọ̀ṣun mọ́ ogún gbogbo ayé láti 2005. Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ẹ kò ní bá, nítorí ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é, Iléyá sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yá ju ti èṣí lọ lọ́dọọdún. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí, kí ilé ìwé London tó tì. Ó dùn mí fún àwọn ọmọ, nítorí régbérégbé tó ń wọ́ lọ kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn, ìbá fi ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀ lé e yìí hàn wọ́n kedere.

Ayẹyẹ tiyín gan-an ni yóò jẹ́ ti inú ẹbí, ọgọ́rin ọdún ìyá àgbà ni púpọ̀, tí wọ́n ti sún sí oṣù kẹjọ nítorí yín. Wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwọ̀n ara ọmọ lórí WhatsApp láti oṣù karùn-ún. Ẹ tètè fi ránṣẹ́. Aṣọ ẹbí kì í ṣe fáàrí lásán. Nígbà tí àlejò bá kún abẹ́ kánópì, aṣọ ló ń sọ ẹni tó jẹ́ onílé, ẹni tí àlejò lè bi pé "oúnjẹ mi dà?", àti ẹ̀ka ẹbí tí oníkálukú ti jáde. Owó tí wọ́n fi ń lé e náà ń bá wọn san owó onílù àti ti alásè. Níbi tí mo ti kọ̀ ọ́ ni pé kí a fi í lé aláìní sẹ́yìn. Nínú gbogbo ẹbí, àwọn kan wà tí kò lè rà á, tí wọn yóò sì sọ pé ara àwọn kò yá lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná pọ́n-ùn, ẹ rà á fún ọ̀kan nínú wọn, ẹ fún un ní kọ̀rọ̀.

Nígbà ijó, ọmọ á fẹ́ ná owó lé ìyá àgbà lórí. Iwájú orí ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, nítorí orí ẹni la ń yẹ́ sí. Ṣùgbọ́n òfin báńkì àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní 2007 ka fífọ́n náírà káàkiri àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò ní dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Ní 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Èkó rán ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n lórí rẹ̀. Ẹ fi owó sínú àpò ìwé, kí ọmọ jó dé iwájú rẹ̀, kí ó kúnlẹ̀, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Bí ọjọ́ ìpadàlọ bá kù díẹ̀, wọn yóò kó èlùbọ́, gaàrí àti ẹran gbígbẹ fún yín. Ẹran kò gbọdọ̀ wọ Ìlú Ọba, ẹ sọ òótọ́ yẹn fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ gba ìyókù bó ti wù kó wúwo tó. Ẹ tún padà sọ́dọ̀ mọ́gàjí lọ dágbére, nítorí ẹni tó mọ̀ pé ẹ dé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ lọ. Bí ẹ bá sì ti gúnlẹ̀, kí ọmọ fúnra rẹ̀ pe ilé. Òun ni kí ó tò ó: mọ́gàjí ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ìyá àgbà, lẹ́yìn náà àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, kí ó tó kàn wá, àwa ìyàwó.