Ta Ló Mọ Ohun Tí Fóònù Ń Bá Másìtì Sọ?

Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn wọ ilé kan lóde òní kó má bá fóònù àtijọ́ tí a ti pa tì. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí àwọn onímọ̀ kan ṣe sọ irú fóònù bẹ́ẹ̀ di ohun ẹ̀kọ́.

Nínú gbogbo fóònù ni apá kan wà tó ń bá másìtì sọ̀rọ̀, tí à ń pè ní módẹ́mù. Àkójọ àṣẹ tó ń darí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní firmware, àṣírí ilé-iṣẹ́ ni. Èyí yà mí lẹ́nu, nítorí ìlànà GSM fúnra rẹ̀ kì í ṣe àṣírí, ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n sọ bí a ti ń se ọbẹ̀ fúnni, tí wọ́n wá ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná pa.

Lọ́dún 2010, Harald Welte, ọmọ Jámánì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ OsmocomBB, láti kọ firmware tí ẹnikẹ́ni lè kà kó sì tún ṣe. Fóònù olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n mú, irú Motorola C118 àti C123, tó ń lo ẹ̀rọ Calypso ti ilé-iṣẹ́ Texas Instruments.

Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń kọ àṣẹ náà, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di èdè tí Calypso gbọ́. Wọ́n á ki wáyà bọ ihò íàpíìsì fóònù náà. Wáyà tí iná rẹ̀ ju 3.3 volt lọ lè ba fóònù jẹ́, ẹ ṣọ́ra. Fóònù á wà ní pípa. Wọ́n á tẹ bọ́tìnì ìtanná rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, àṣẹ tuntun á sì wọlé sínú ibi ìrántí tí kì í pa nǹkan mọ́. Ẹ yọ bátìrì, ẹ dá a padà, fóònù á tàn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí, nítorí àṣìṣe kì í pa fóònù. Iṣẹ́ rédíò àti ti àkókò nìkan ló wà nínú fóònù. Ìyókù wà lórí kọ̀ǹpútà.

Gbígbọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dán wò: másìtì wo ló wà nítòsí, báwo ni agbára rẹ̀ ṣe tó? Èyí kò nílò síìmù. Ní ti fífi ìró ránṣẹ́, wọ́n ti pa á láti ìbẹ̀rẹ̀; ẹni tó bá fẹ́ ẹ ni yóò ṣí i fúnra rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ní GSM, ènìyàn mẹ́jọ lè pín ọ̀nà kan lò, níṣẹ̀ẹ́lé-níṣẹ̀ẹ́lé. Ipò ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ju 577 lọ nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan tí a pín sí 1,000,000. Bí àṣẹ bá kùnà díẹ̀, fóònù náà á já sí ipò ẹlòmíràn, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń pe dókítà lọ́wọ́. Nítorí náà, inú àpótí onírin tí ìró kò lè jáde, tàbí nípasẹ̀ wáyà sínú ẹ̀rọ ìdánwò, ni wọ́n ti ń dán an wò. Nílẹ̀ wa, NCC ló ń fúnni láṣẹ àti lo ojú ọ̀nà wọ̀nyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ má fi ṣeré.

Ní Berlin, ní December 2010, Karsten Nohl àti Sylvain Munaut fi irú fóònù yìí ṣàfihàn pé a lè tú ààbò àtijọ́ GSM, A5/1, kí a sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn kan sọ pé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ran olè lọ́wọ́. Lójú tèmi, ìlẹ̀kùn tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n 2G nìkan ni OsmocomBB gbọ́. Módẹ́mù 4G inú fóònù tuntun tó wà lọ́wọ́ wa kò sí lára ohun tó ṣí.