Iṣẹ́ Abẹ Ojú Kékeré fún Jẹjẹrẹ Ọ̀nà Ọ̀fun

Bí àlejò bá dé Èsìẹ́, ilé ère òkúta tí wọ́n ṣí ní 1945 ni ó máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ère kì í ké bí nǹkan bá ń dùn ún. Àwa ènìyàn ńkọ́? Iyán a máa há ẹlòmíràn lọ́fun lójoojúmọ́, yóò fi omi tì í, kò sì ní sọ fún ẹnìkan. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jíròrò lórí jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun.

Ọ̀nà méjì ni ó wà nínú ọ̀fun: ọ̀kan fún èémí, èkejì fún oúnjẹ. Ti oúnjẹ ni à ń wí. Bí jẹjẹrẹ bá mú un, iyán àti ẹran ni yóò kọ́kọ́ máa há. Lẹ́yìn náà ni ó kan àmàlà, ó kan ẹ̀kọ mímu, títí tí omi pàápàá kò fi ní lọ mọ́. Aláìsàn yóò sì máa rù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ ọ́? Ní 1913, ní New York, oníṣègùn Franz Torek gé ọ̀nà oúnjẹ obìnrin kan tí jẹjẹrẹ ti bà jẹ́ kúrò nínú àyà rẹ̀, obìnrin náà sì lò ju ọdún mẹ́wàá lọ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣègùn ti ń la àyà àti ikùn gbàràgàdà, tí wọ́n ń ya egungun ìhà sọ́tọ̀, tí wọ́n sì ń fa àpòlúkù sókè láti fi ṣe ọ̀nà tuntun. Ìrora rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí kò lè mí kanlẹ̀ nítorí ìrora, àìsàn ẹ̀dọ̀fóóró kì í pẹ́ kọlù ú.

Ní 1992, Alfred Cuschieri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Skọ́tíláǹdì ròyìn ọ̀nà mìíràn. Wọ́n dá ihò kéékèèké sí àyà, wọ́n ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ àti irin iṣẹ́ gígùn bọ̀ ọ́, wọ́n sì ń wo inú aláìsàn lójú ẹ̀rọ bí ẹ ti ń wò mí yìí.

Ǹjẹ́ ó sàn ju ti àtijọ́ lọ? Ìwádìí kan láti Nẹ́dálàńdì, Sípéènì àti Ítálì, tí ó jáde ní 2012, fi aláìsàn 115 wé ara wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àrùn ẹ̀dọ̀fóóró mú 29 nínú 100 àwọn tí wọ́n là gbàràgàdà. 9 péré ni nínú 100 àwọn ti ojú kékeré. Ní 2019, ìwádìí ilẹ̀ Faransé lórí aláìsàn 207, níbi tí wọ́n ti fi ihò kéékèèké ṣe ti ikùn nìkan, rí i pé ìṣòro ńlá bá 36 nínú 100, nígbà tí ó bá 64 nínú 100 àwọn tí wọ́n là gbàràgàdà. Ní ti ẹ̀mí gígùn, ìwádìí méjèèjì fi hàn pé ojú kékeré kò dín in kù. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kò tó ohun tí a lè fi búra pé ó ń fi kún un.

Nítorí náà, kí á má ṣe tan ara wa. Bí ojú ọgbẹ́ tilẹ̀ kéré, iṣẹ́ inú kò kéré. Ohun kan náà ni wọ́n ń gé, ibi tí wọ́n rán pọ̀ sì lè jò. Ọwọ́ tí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́.

Ìṣòro tiwa ṣáájú abẹ. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Nàìjíríà ni kì í dé ilé ìwòsàn títí àrùn yóò fi tàn ká ara. Kò sí abẹ, ńlá tàbí kékeré, tí ó lè wò ó sàn nígbà náà. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí oúnjẹ bá ń há ọ lọ́fun fún ọ̀sẹ̀ méjì, má ṣe dúró de ìgbà tí omi yóò há. Láti Èsìẹ́ dé Ìlọrin kò jìnnà. Ní kí dókítà fi ẹ̀rọ wo ọ̀fun rẹ. Jáwọ́ nínú tábà àti ọtí líle. Má sì ṣe rọ sódà ọṣẹ sínú ìgò tí ọmọdé lè mu, nítorí ọ̀fun tí sódà bó lónìí lè di ti jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ère òkúta ni kò lè fọhùn. Ẹ̀yin, ẹ tètè sọ ọ́. Ó dìgbà o.