Ṣé o mọ̀? Kíkún dẹ́nu ń ba bátìrì dúróònù jẹ́

Bátìrì dúróònù tí iná kún dẹ́nu, tí wọ́n sì gbé pamọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, máa ń tètè gbó ju èyí tó wà ní ìdajì lọ. Ó tilẹ̀ lè wú.

Bátìrì tó bá dúróònù DJI Mini 3 wá lè gbé e fò fún ìṣẹ́jú 38 bí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀. Síbẹ̀, kò lè gbéra ní Àkúrẹ́ kó balẹ̀ ní Oǹdó: kìlómítà 18 ni òpin ìrìn rẹ̀.

Ooru náà kì í bá bátìrì yìí lára mu. Tó bá gbóná nínú oòrùn ọ̀sán, ó gbọ́dọ̀ tutù kó tó gba iná. Bó bá sì máa wọ àpótí, méjì péré nínú iná kéékèèké mẹ́rin ara rẹ̀ tó ń fi bó ṣe kún tó hàn ni kó máa tàn.