Eré Ìdárayá Ojú: Ohun Tí Òbí Lè Retí

Ẹ̀yin òbí àti àáfà wa l'Aládé Ìdànrè, ọmọ tó ń fo ìlà bó ṣe ń ka Àlùkùránì, tí orí sì ń fọ́ ọ, a rọ̀ yín, ẹ má tètè nà án. Ojú rẹ̀ méjèèjì lè má pàdé síbi kan náà. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú l'Àkúrẹ́. Bí ó bá nílò awò ojú, ìyẹn ló ṣáájú.

Nínú ìwádìí kan tó jáde l'Amẹ́ríkà lọ́dún 2008, àwọn ọmọ ṣe eré ìdárayá ojú fún ọ̀sẹ̀ 12: wákàtí kan lọ́sẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣègùn, ìṣẹ́jú 15 nílé. Nǹkan bíi 3 nínú 4 ló rí ìrọ̀rùn. Àgbà tí orí rẹ̀ fara pa náà lè jàǹfààní. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun yóò fi sọ ọmọ di ọ̀jáfáfá nínú ìwé kíkà, ẹ di owó yín mú.