Ìlà Tààrà Nínú Òǹkà Yorùbá

Àwọn onímọ̀ kan ti dábàá pé kí a pa ìyọkúrò tì nínú òǹkà Yorùbá, kí a máa fi mẹ́wàá-mẹ́wàá kà, nítorí pé irú àádọ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta a máa ni ọmọ ilé-ìwé lára. A kò ní parí àríyànjiyàn náà níhìn-ín. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìyọkúrò yìí gan-an ni ó lè ran akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ áljẹ́bírà lọ́wọ́, nígbà tí ó bá dé orí ohun tí a ó pè ní ìbátan onílà-tààrà. Ìbátan yìí wà láàárín iye méjì bí ó bá jẹ́ pé, nígbàkúùgbà tí a bá fi ẹyọ kan kún èkíní, iye kan náà ni yóò máa kún èkejì. A lè fi òfin, àtẹ tàbí gíráàfù gbé e kalẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, nítorí náà, èrò pé kí a fi èdè yìí kọ́ áljẹ́bírà kì í ṣe àjèjì.

Ẹ jẹ́ kí a wo òfin ná. Ogún lọ́nà mẹ́ta ni ọgọ́ta. Ogún lọ́nà mẹ́rin ni ọgọ́rin. Bí x bá dúró fún iye ogún tí a kó jọ, tí y sì dúró fún àpapọ̀ wọn, òfin náà ni y = 20x. Àádọ́ta ní tirẹ̀ ni ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àádọ́rin sí ọgọ́rin. Òfin kejì nìyí: y = 20x − 10. Ẹni tí ó bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ yóò rí i pé orúkọ fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ òfin: ẹ̀ta tí ó wà nínú àádọ́ta ni x, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni ó sì ń pàṣẹ pé kí a yọ mẹ́wàá.

x | y = 20x | y = 20x − 10
3 | 60, ọgọ́ta | 50, àádọ́ta
4 | 80, ọgọ́rin | 70, àádọ́rin
5 | 100, ọgọ́rùn-ún | 90, àádọ́rùn-ún
6 | 120, ọgọ́fà | 110, àádọ́fà
7 | 140, ogóje | 130, àádóje

Bí a bá ka àtẹ yìí láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ogún-ogún ni òpó méjèèjì fi ń lé sí i. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú ni ìlọ́po. Mẹ́fà jẹ́ ìlọ́po méjì mẹ́ta. Ọgọ́fà náà jẹ́ ìlọ́po méjì ọgọ́ta. Ṣùgbọ́n àádọ́fà kì í ṣe ìlọ́po méjì àádọ́ta: 110 ni, kì í ṣe 100. Olùkọ́ tí ó bá ń fi iye owó ọsàn nìkan ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí a kì í ti í san kọ́bọ̀ bí a kò bá ra nǹkan kan, yóò mú kí ọmọ gbà pé gbogbo ìlà tààrà ni ó ń tẹ̀lé ìlọ́po. Òpó kejì ni yóò tú àṣìṣe náà fó.

Lórí gíráàfù, a ó ka x sí ìlà ìbú, a ó sì ka y sí ìlà òòró. Àmì òfin méjèèjì yóò tò bí ojú irin rélùwéè, wọn kò ní pàdé láéláé, nítorí pé bákan náà ni wọ́n ṣe ń gòkè. Bí a bá fi rúlà fa èkíní, yóò gba orí òdo kọjá. Èkejì yóò gé ìlà òòró ní ibi mẹ́wàá nísàlẹ̀ òdo. Mẹ́wàá tí a yọ ni a rí yẹn. Àwọn àmì nìkan ni ó ní orúkọ o; rúlà ni ó fa ìyókù. Àwọn orúkọ kan sì wà tí wọ́n yapa. Bí x bá jẹ́ 2, òfin kejì yóò fún wa ní 30, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ni à ń pè é. Bí x bá jẹ́ 10, òfin kìíní yóò fún wa ní 200, igba sì ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ ni ó kúrò lórí òfin, iye kò kúrò lórí ìlà.

Ohun tí ó wù wá jù ṣì kù. Ẹgbẹ̀ta ni igba lọ́nà mẹ́ta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sì ni 200x − 100. Ẹgbàata ni ẹgbàá lọ́nà mẹ́ta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàata sì ni 2000x − 1000. Ìlà mẹ́ta yìí yàtọ̀ gidigidi ní gíga, débi pé bí a bá yà wọ́n sórí ìwé kan náà, ti ogún yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn gbalaja. Síbẹ̀, ojú kan náà ni gbogbo wọn ti gé ìlà ìbú: ìdajì, láàárín òdo àti ení. Ìdí ni pé ìdajì ohun tí a fi ń kà ni a máa ń yọ: mẹ́wàá nínú ogún, ọgọ́rùn-ún nínú igba, ẹgbẹ̀rún nínú ẹgbàá. A lè tún òfin náà kọ báyìí: y = 20(x − ½). Àádọ́ta wá di ogún méjì àbọ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta di igba méjì àbọ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàata sì di ẹgbàá méjì àbọ̀.