Sọ́kẹ́ẹ̀tì Tó Bá Nọ́ọ̀tì Mu: Òwúrọ̀ Kan Lọ́dọ̀ Àwọn Mẹkáníìkì Ọ̀kadà ní Ọ̀nà Kirikiri

Bí èèyàn bá bọ́ sílẹ̀ ní Boundary tí ó kọrí sí Ojo Road, ẹsẹ̀ ni yóò tètè gbé e dé ibi tó ń lọ. Ajégúnlẹ̀ ti jí tipẹ́. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ti tẹ́ ọjà dé etí gọ́tà, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń wá àyè láàárín àwọn tó ń rìn, èdè Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ, Haúsá àti pijin sì ń dún lójú títì kan náà. Bí a ṣe ń sún mọ́ Olodi Apapa ni ọkọ̀ akérò ń dín kù tí tírélà ń pọ̀ sí i. Nígbà tí a fi máa já sí ọ̀nà Kirikiri, kọ̀ntéènà ló gba ojú ọ̀nà.

Níwájú lọ́hùn-ún, létí omi, ni Kirikiri Lighter Terminal wà, lábẹ́ àjọ NPA tó ń bójú tó èbúté ní Nàìjíríà. Báàjì ni wọ́n ṣe ibẹ̀ fún, ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó ń gba ẹrù lára ọkọ̀ òkun ńlá tó sì ń gbé e wá sí ibi tí omi kò ti jìn. Ẹni tó bá rántí ọdún 1975 yóò mọ ìdí tí Èkó fi nílò irú ibi bẹ́ẹ̀. Lọ́dún náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì wá fún ìjọba tò sójú òkun, wọ́n ń dúró oṣù dé oṣù nítorí èbúté Apapa kò lè gba ẹrù wọn tán. Wọ́n sáré kọ́ èbúté Tin Can Island, wọ́n sì ṣí i ní 1977. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà tó yí Apapa, Ajégúnlẹ̀ àti Kirikiri ká ti di ọ̀nà tírélà.

Níbi tí tírélà bá ti di ọ̀nà, ọ̀kadà ni ó ń rí ọ̀nà kọjá. Òun ni ó ń gbé aṣojú oníbàárà tó mú ìwé ẹrù dání, òun náà ni ó ń gbé awakọ̀ tó fẹ́ lọ ra oúnjẹ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, Apapa sì wà lára wọn. Ajeromi-Ifelodun, tí Ajégúnlẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò sí lára 6 náà. Ìdí nìyí tí àwọn mẹkáníìkì ọ̀kadà tí mo wá rí fi pàgọ́ sí ìhà ìhín.

Àgọ́ náà kò ju igi mẹ́rin àti tapólì lọ. Yanrìn ilẹ̀ rẹ̀ ti dúdú nítorí epo ẹ́ńjìnnì. Ọ̀gá jókòó lórí táyà, ọmọ iṣẹ́ méjì ń fọ kábúrétọ̀ nínú abọ́ pẹtiróòlù. Lápá òsì wọn ni àwọn mẹkáníìkì tírélà ti ń tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ Mack kan. Àwọn méjèèjì máa ń yá ara wọn ní irinṣẹ́, ìyẹn náà sì wà lára ohun tí mo fẹ́ fojú rí.

Ọlọ́kadà kan wọlé. Ṣéènì ọ̀kadà rẹ̀ ti dẹ̀ débi pé ó ń gbá irin tó bò ó.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣéènì yìí ti fò lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí."

"Ẹ kú àárọ̀. Ẹ gbé e sórí ìdúró rẹ̀ fún mi."

Láti fa ṣéènì mọ́ra, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dẹ nọ́ọ̀tì ọ̀pá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìyẹn ọ̀pá tó la àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọjá. Nọ́ọ̀tì yẹn ni ó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti kẹrosíìnì gbá ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí irin hàn, ó fi ìka tọ́ igun nọ́ọ̀tì náà wò. Méjì nínú igun mẹ́fà rẹ̀ ti ń yọ̀, àpá ṣísù sì wà lára ọ̀kan.

"Ẹnìkan ti fi òòlù àti ṣísù lù ú," ni ọ̀gá wí. Kò bínú. Ó kàn wẹ̀yìn wo ọmọ iṣẹ́ tó kéré. "Lọ bá mi mú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá a mu wá."

Ọmọ náà fa téèpù jáde, ó wọn nọ́ọ̀tì láti igun kan sí igun tó kọjú sí i, ó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 22. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni irin oníhò tí wọ́n ń fi bo nọ́ọ̀tì láti tú u, ti 22 kò sì sí nínú àpótí. Ó sáré lọ yá ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn oní-Mack. Ó wọ orí nọ́ọ̀tì náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń mì jìgìjìgì. Ọ̀gá yí i wò nínú ìmọ́lẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni 7/8.

Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń gun alùpùpù mọ̀ wọ́n. Àkọ́kọ́ ni ibi tí a ti wọn nọ́ọ̀tì. Nọ́ńbà tó wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìwọ̀n igun sí igun. Ìwọ̀n ojú pẹrẹsẹ kan sí ojú pẹrẹsẹ tó dojú kọ ọ́ ni. Nínú nọ́ọ̀tì onígun mẹ́fà, igun sí igun máa ń fi nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 ju ojú sí ojú lọ. Nọ́ọ̀tì 19 tí a bá fi igun wọ̀n yóò súnmọ́ 22, ẹni tó bá sì gbà á bẹ́ẹ̀ yóò lọ ra ohun tí kò lè di í mú láéláé.

Èkejì ni ìwọ̀n ínṣì. Ọkọ̀ Mack láti Amẹ́ríkà ni, bọ́ọ̀tì àtijọ́ wọn sì jẹ́ ti ínṣì. Ọ̀kadà tó ti Íńdíà, Ṣáínà tàbí Japan wá jẹ́ ti mìlímítà. Níbi tí àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, sọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń dàpọ̀. 7/8 ínṣì jẹ́ mìlímítà 22.2, ó lè ṣiṣẹ́ lórí 22 tó ṣì mú dáadáa. 3/4 jẹ́ 19.05, òun àti 19 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá. Ṣùgbọ́n 15/16 jẹ́ 23.8, ó lè má wọ nọ́ọ̀tì 24, ẹni tó bá fi òòlù tì í wọlé yóò ba méjèèjì jẹ́.

Ọ̀gá wá fa vernier caliper, irinṣẹ́ ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì, jáde láti inú aṣọ tó fi wé e. Ó fi ẹnu rẹ̀ gbá ojú pẹrẹsẹ méjì tí ṣísù kò tíì kàn. Ó kà á sókè kí gbogbo wa lè gbọ́: mìlímítà 18 àti díẹ̀ lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Nọ́ọ̀tì 19 ni.

"Ọ̀gá," ni mo bi í, "ṣé bí ọ̀pá bá ti nípọn tó kò lè sọ nọ́ńbà sọ́kẹ́ẹ̀tì fún yín?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà."

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀pá tó nípọn ní mìlímítà 12 lè gbé nọ́ọ̀tì 19 nínú ìlànà àtijọ́ ilẹ̀ Jámánì, 18 nínú ìlànà ISO, àti 17 nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù Japan. Ti mìlímítà 14 lè jẹ́ 22, 21 tàbí 19. Orí ọ̀pá náà ní apá kejì sì lè ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ní tòní, 19 ni nọ́ọ̀tì, orí ọ̀pá jẹ́ 17. Bí ọ̀kadà bá ti pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, ẹnìkan lè ti fi nọ́ọ̀tì mìíràn rọ́pò ti àtètèkọ́ṣe, nítorí náà ìwé tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ kò tó ẹ̀rí. Nọ́ọ̀tì tó wà lójú ni ká wọn.

Nínú àpótí ọ̀gá, 19 tó wà níbẹ̀ jẹ́ onígun méjìlá. Ó wọlé, ó sì jókòó dáadáa. Síbẹ̀ ó mi orí. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun méjìlá ń fi agbára rẹ̀ sí ìtòsí igun nọ́ọ̀tì. Igun náà ló sì ti ń yọ̀ lára èyí. Onígun mẹ́fà ń tẹ ojú pẹrẹsẹ, níbi tí irin ṣì kún. Ó tún ní ohun kejì: ọ̀pá náà yọ kọjá nọ́ọ̀tì, sọ́kẹ́ẹ̀tì kúkúrú yóò fi ìdí gún ọ̀pá kí ó tó gbá nọ́ọ̀tì mú tán. Gígùn ni a ń wá, onígun mẹ́fà, 19.

Ó yọ nọ́ọ̀tì 19 kan tó ṣì ní igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé nínú agolo, ó fi lé ọmọ iṣẹ́ tó dàgbà lọ́wọ́. "Fi èyí dán an wò níbẹ̀. Má fi ojú rà á."

Mo bá ọmọ náà lọ. Ẹni tó ń ta irinṣẹ́ tòkúnbọ̀ tẹ́ ọjà sórí tapólì létí títì: sípánà, páyà, ọwọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, àti òkìtì sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ nínú nọ́ńbà wọn ti pa rẹ́. Níbẹ̀ ni mo ti rí ìwúlò nọ́ọ̀tì àpẹẹrẹ. Ọmọ náà kò wo nọ́ńbà kankan. Ó ń fi nọ́ọ̀tì ọwọ́ rẹ̀ bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì, ó ń tẹ́tí sí bó ṣe ń rìn. Èyí tó bá yí díẹ̀ kó tó gbá mú, ó gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo inú rẹ̀ lójú oòrùn bóyá ó ti sán, ó wo ẹnu rẹ̀ bóyá wọ́n gé e wọnú jù. Ẹnu tí wọ́n gé bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí sọ́kẹ́ẹ̀tì yára wọ nọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n lórí nọ́ọ̀tì tó tinrin, ibi tó yẹ kó di mú ni ó gé dànù. Ó wo ìdí rẹ̀ níkẹyìn: ihò onígun mẹ́rin ti 1/2 ínṣì, kí ó lè bá ọwọ́ irin tó wà ní àgọ́ mu. Ti tírélà máa ń jẹ́ 3/4, kò ní wọ̀ ọ́.

Ó rí ọ̀kan, dúdú, tó nípọn lára, irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún ìbọn afẹ́fẹ́ tó ń tú nọ́ọ̀tì. Wọ́n ná an, wọ́n san án, a padà.

Ọ̀gá kò tíì fọwọ́ kan ọwọ́ irin. Láti ìgbà tí a ti lọ ni ó ti fi epo sí ẹsẹ̀ nọ́ọ̀tì kí ó máa wọlé. Ó wá fi sípánà olórùka 17 di orí ọ̀pá mú ní apá kejì, nítorí bí ọ̀pá bá ń bá nọ́ọ̀tì yí, iṣẹ́ kò ní lọ. Ó ti sọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé títí ó fi kan ìdí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì tì í mọ́bẹ̀, ó sì fa ọwọ́ irin sọ́dọ̀ ara rẹ̀ láìjá a gbà. Ọmọ kékeré náà fẹ́ fi ẹsẹ̀ gún un.

"Rọra. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Irin náà ké lẹ́ẹ̀kan, nọ́ọ̀tì sì dẹ̀. Igun tó ti yọ̀ kò yọ̀ sí i. Ọlọ́kadà tó ti dìde dúró tún jókòó.

Ìyókù yá. Wọ́n sún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sẹ́yìn, wọ́n ń wo àmì tó wà lára apá méjèèjì kí ó lè dọ́gba, títí tí ṣéènì fi ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ sókè sódò láàárín. Ọ̀gá ju nọ́ọ̀tì àtijọ́ sínú garawa irin àlòkù, ó fi tuntun sí i, èyí tó ní òrùka náílọ́ọ̀nù nínú kí ó má baà tú fúnra rẹ̀. Ó dì í. Ìwé ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré máa ń fẹ́ agbára tó wà láàárín 50 sí 100 Nm lórí nọ́ọ̀tì yìí. Kò sí sípánà tó ń wọn agbára ní àgọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi agbára tó dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo kílò 30 tẹ ọwọ́ irin ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí àárín nọ́ọ̀tì ti ń lo nǹkan bíi 90 Nm. Ọ̀gá mọ gígùn ọwọ́ irin rẹ̀, kò sì fi páìpù mú un gùn sí i.

Mo dúró ti iṣẹ́ yìí dé òpin nítorí mo ti rí ohun tó ń tẹ̀lé e bí wọn kò bá ṣe é bẹ́ẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù ń mú kí igun nọ́ọ̀tì yọ̀. Nọ́ọ̀tì tí igun rẹ̀ ti yọ̀ kò ṣeé dì dáadáa mọ́, ṣísù ni yóò kan lẹ́yìn náà. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ṣísù dì ń dẹ̀ lójú kòtò. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á yẹ̀, ṣéènì á fò kúrò lórí eyín rẹ̀, ó sì lè há kí ẹsẹ̀ náà dúró gbagidi. Ní ọ̀nà Kirikiri, ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà tó bá ṣubú ni tírélà tó gbé kọ̀ntéènà onífúùtù 40. Kò ní lè dúró.

Nítorí náà, kí gbogbo ẹni tó ni ọ̀kadà mọ nọ́ńbà méjèèjì ọ̀pá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó kọ ọ́ síbi tí kò ní sọnù, kí ó sì ra sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà tirẹ̀, nítorí owó rẹ̀ kò tó owó ilé ìwòsàn ọjọ́ kan. Kí àwọn ọ̀gá náà má ṣe fún ọmọ iṣẹ́ ní fírídọ̀ọ̀mù kí ó tó lè fi caliper wọn nọ́ọ̀tì láti ojú sí ojú, kí ó sì mọ ínṣì yàtọ̀ sí mìlímítà. Ọmọ kékeré ọjọ́ náà wọn nọ́ọ̀tì tuntun ọ̀hún lójú mi kí wọ́n tó dì í. Ó kà á ní 19, ọ̀gá sì ní kí ó tún un kà. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ó pọ̀ ní ìlú yìí.